Ilé Ẹja Tí Ganiyat Fọ̀

"Fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa o, Ìyá Siraju," ni Mùkáílà wí. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. "Pálọ̀ ìyàwó ni yóò wọ̀."

Ganiyat wà lórí ìkúnlẹ̀ ní àgbàlá, ó ń fi abẹfẹ́lẹ́ ha èépá funfun kúrò lára àpótí gíláàsì ńlá kan. Kò gbé ojú sókè.

"Ìyàwó wo?"

"Nurat ni. Ìyàwó mélòó ni a ní nínú ilé yìí?"

Ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì lọ. Ganiyat dá ọwọ́ dúró. Ìyàwó méjì ni ó wà nínú ilé náà, òun sì ni àkọ́kọ́. Ọdún kẹtàlá rèé.

Àlòkù ni Mùkáílà ń tà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ní àbáwọ Àgbádárìgì. Nígbà tí owó epo ń rọ̀ bí òjò, àwọn òyìnbó tí ó wá ṣiṣẹ́ kó oríṣiríṣi nǹkan sínú ilé wọn. Nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí wọ́n ń padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, Mùkáílà ni ó ń lọ kó ẹrù tí wọ́n fẹ́ tà: fìríìjì, àga, sítóòfù, ibùsùn ọmọ. Bí ó bá ti kó wọn dé, ọwọ́ Ganiyat ni ó ń kó wọn lé. Kò sí ohun tí ó ti ilé ẹlòmíràn wá tí Ganiyat kì í fi oògùn apakòkòrò fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, oògùn dúdú inú ìgò tí ó máa ń funfun bí wàrà bí ó bá ti kan omi. A kò ṣáà mọ àìsàn tí ó ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ lo nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò nù ún, tí yóò fi òróró ra á títí yóò fi máa dán. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé ọwọ́ Ìyá Siraju ni ó ń sọ àlòkù di titun. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mọ́ ọn nínú, àfi láti oṣù méje sẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti mú titun gidi wọlé.

Nínú gbogbo ọdún mẹ́tàlá yẹn, kò tọrọ ohun kan rí nínú ọjà ọkọ rẹ̀. Àpótí ẹja yìí nìkan ni. Ilé òyìnbó kan nítòsí Morogbo ni wọ́n ti rí i. Òun àti Mùkáílà ni wọ́n jọ lọ, kí ó lè bá a di àwọn abọ́. Ẹja ṣì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ láàárín ewé tútù, wọn kò pariwo, wọn kò kánjú. Ganiyat dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi gbàgbé abọ́ tó wá dì. Nínú ọkọ̀, bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ó ní, "Bàbá Siraju, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta eléyìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sí pálọ̀ mi."

Mùkáílà rẹ́rìn-ín. "Ọjà ni, Ìyá Siraju. Ìwọ tí o mọ òwò."

Ganiyat gbà, nítorí lóòótọ́ ni ó mọ òwò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àpótí náà fi wà láàárín àwọn fìríìjì ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń kọjá lára rẹ̀, ó máa ń fi etí aṣọ nu eruku orí rẹ̀. Àfi bí ó ṣe di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé yìí, tí wọ́n gbé e wá sí àgbàlá, tí wọ́n ní kí òun fọ̀ ọ́ fún Nurat.

Kò sí ẹni tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ nínú ilé náà bí kò ṣe òun. Zinsu, ará Kankon tí ó jẹ́ kúùkù òyìnbó náà, ni ó kọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń di ẹrù. Ó rí i bí Ganiyat ti dúró ti àpótí náà, ó sì rò pé Ganiyat ni ó ni ín.

"Nọvi, gbọ́ mi o," ni Zinsu wí. Bí àwọn Ègùn ṣe máa ń pe ọmọ ìyá wọn nìyẹn. "Má fi ọṣẹ kàn án. Má fi oògùn kàn án rárá. Gíláàsì kì í mu nǹkan, ṣùgbọ́n àtè dúdú tó wà nígun rẹ̀ yìí, ọ̀mùtí ni. Ohun tó bá mu lónìí, á bì í sínú omi lọ́la, ẹja á sì kú."

"Kí ni kí n wá fi fọ̀ ọ́?"

"Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Fi ọsàn pa èépá yẹn, fi iyọ̀ ha á, kó o ṣàn án, kó o tún ṣàn án, títí ọwọ́ á fi ro ẹ́. Gbé e sórí ìwé ìròyìn, bu omi sí i, kó o wò ó bóyá ó ń jò. Omi kànga tó dùn ni o, kì í ṣe ti kànga ìsàlẹ̀ etí òkun tó ní iyọ̀ nínú. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí omi sinmi. Bí omi ò bá sinmi, ẹja ò ní sinmi."

Ọ̀rọ̀ Zinsu ni Ganiyat ń rò bí ó ti kúnlẹ̀ ní àgbàlá, tí Láídé aránṣọ tí ó gba yàrá iwájú yọ orí síta lójú fèrèsé.

"Ìyá Siraju! Ẹ kú iṣẹ́ ìyàwó o."

"Láídé, ṣé aṣọ tó o ń rán ti tán ni?"

"Kò tíì tán. Ojú mi ló wà lọ́hùn-ún. Ẹ gbọ́ ná, wọ́n ní kí ìyáálé fọ ilé ẹja fún ìyàwó. Bó bá dọ̀la, wọn á ní kẹ́ ẹ wá máa bá a yọ eegun ẹja lẹ́nu."

"Padà sídìí ẹ̀rọ rẹ."

"Mo ti padà. Ẹ má bínú. Ẹ̀rín ló ń pa mí, kì í ṣe pé inú mi dùn."

Ganiyat dìde. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú agbọ̀n, iyọ̀ wà nílé ìdáná. Ó rìn kọjá lára méjèèjì. Ó mú ìgò oògùn dúdú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dà á sínú àpótí náà, kò wọ̀n ọ́n, ó bu omi lé e. Omi náà funfun báláú. Ó fi kànǹkàn fọ gbogbo igun rẹ̀, ó tẹ ọwọ́ mọ́ àtè dúdú náà kí ó lè mu àmuyó. Bí ẹja bá kú lójú Mùkáílà, nínú pálọ̀ Nurat, lọ́wọ́ Nurat, ojú ta ni yóò tì? Bí wọ́n bá sì bi òun, òun á ní báyìí ni òun ṣe ń fọ gbogbo àlòkù. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ń ṣàn án lọ́wọ́ nígbà tí Nurat ti ilé-ìwé dé. Olùkọ́ ni Nurat ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú náà. Ó kúnlẹ̀, pẹ̀lú bàtà gogoro lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyáálé mi. Áà, ó ti ń dán! Òórùn kí lèyí?"

"Òórùn ìmọ́tótó."

Nurat rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpò rẹ̀. "Àlájì ọkọ wa ní ìwé tó bá àpótí náà wá rèé. Ó ti ya, ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ò sí mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń sọ oúnjẹ ẹja ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kí n lè ràn yín lọ́wọ́."

"Má ṣe ìyọnu."

"Mo mọ̀. Bí ẹ̀yin bá ti fọ nǹkan, ó ti mọ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ganiyat lára bí ẹ̀gún kékeré. Ó tún bu omi sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n gbé àpótí náà wọ pálọ̀ Nurat, wọ́n sì pọn omi kún un. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ń kùn. Kọ́tìnnì titun wà lójú fèrèsé, oòrùn sì ń gba inú omi náà kọjá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jó lára ògiri. Mùkáílà jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Rírú. Ganiyat gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ó pẹ́ tí Mùkáílà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nínú pálọ̀ ti Ganiyat. Níbẹ̀, bí ó bá jókòó, ọ̀rọ̀ ọjà ni, tàbí ti Sirajudeen ọmọ wọn tí ó wà ní ilé-ìwé ní Ìbàdàn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ganiyat wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí awakọ̀ kan gbé ẹja tí Mùkáílà rán an dé láti Èkó: mẹ́jọ, pupa fòò, nínú ọ̀rá tí ó kún fún omi. Mùkáílà gbé ọ̀rá náà sókè, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn.

"Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a ó dà wọ́n sí i. Ìyá Siraju, sún mọ́ mi." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìkòyí lọ́jọ́ Àìkú. Àpótí yẹn ni ó ń bọ̀ wá wò. Mo fẹ́ kó bá a nínú pálọ̀ tó ní kọ́tìnnì, pẹ̀lú ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe láàárín òkú fìríìjì. Má tíì sọ fún Nurat o. Jẹ́ kó fi ṣeré fún ọjọ́ mélòó kan ná."

"Ẹ sọ fún un pé òun lẹ rà á fún?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀, n ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjà ni. Ìwọ tí o mọ òwò."

Inú Ganiyat kọ́kọ́ dùn. Ó dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti ń gbé ẹja náà lọ sílé. Kò ní jẹ́ tirẹ̀! Bí kò ṣe jẹ́ tèmi, kò ní jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó da ẹja náà sínú básíà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó wọ pálọ̀ rẹ̀ lọ láti jókòó, ojú rẹ̀ bọ́ sórí àga onítìmùtìmù tí ó wà ní kọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tí ó wà lábẹ́ àga náà.

Ní ọdún tí ó kọ́kọ́ wọlé, rédíò alápótí ńlá kan tí ó ń lo àwo orin ni Mùkáílà gbé sí kọ̀rọ̀ yẹn. Ganiyat ti nù ún, ó ti tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Lọ́jọ́ kan ó lọ kí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, rédíò ti lọ. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin nìkan ni ó kù lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mùkáílà ní ẹni tó wò ó níbẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe rí nínú ilé tó mọ́. Ó ní ọjà ni. Ganiyat fa àga bo ojú ẹsẹ̀ náà, kò sì tún gbé e kúrò mọ́.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Dosi tí ń ta ẹja ọ̀sà gbé igbá rẹ̀ dé. Epìyà kékeré kan ṣì ń ta pútúpútú láàárín àwọn tó ti kú. Ganiyat rà á pẹ̀lú ẹja ọbẹ̀. Nurat ti lọ sílé-ìwé. Ganiyat wọ pálọ̀ Nurat, ó ju epìyà náà sínú omi. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó ni.

Kò pẹ́. Epìyà kì í tètè kú. Gbogbo ọmọ Àgbádárìgì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, ẹja náà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ó ń yọ ẹnu sókè omi bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó fi nu àga tán, ikùn rẹ̀ funfun ti yí sókè. Ganiyat mú un jáde, ó dúró, omi ń kán sílẹ̀ láti ìka rẹ̀. Ayọ̀ tí ó ń retí láti Ọjọ́ Ajé kò wá. Òórùn oògùn náà nìkan ni ó ń gbọ́.

Ó gbàgbé pé wọ́n máa ń tètè jáde nílé-ìwé ní ọjọ́ Jímọ̀. Nurat ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹja wo nìyẹn, Ìyáálé mi?"

"Epìyà ni. Ààyè ni mo rà á lọ́wọ́ Dosi."

"Kí ló pa á?"

"Oògùn tí mo fi fọ àpótí yìí."

"Áà! Ẹ kò mọ̀ pé ó lè pa ẹja ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ wà, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Báyìí ni mo ṣe ń fọ gbogbo àlòkù. Ganiyat la ẹnu láti sọ ọ́.

"Mo mọ̀," ni ó wí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ Láídé dákẹ́ lójijì ní yàrá iwájú. Nurat tú gèlè rẹ̀, ó jókòó sí apá àga.

"Kí Àlájì lè bínú sí mi?"

"Mo bẹ Bàbá Siraju fún àpótí yìí. Ọdún mẹ́tàlá, ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn."

"Èmi ò tọrọ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Nurat ká gèlè náà mọ́ ọwọ́. Ohùn rẹ̀ le. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni nǹkan ń dùn? Ẹ̀yin lẹ ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rín ló fẹ́ kí n máa rín. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ gidi, á ní, 'Ìyá Siraju mọ̀ ọ́n.' Ilẹ̀ tó fẹ́ rà, Ìyá Siraju mọ̀ ọ́n. Irú ọjà tó ń bọ̀, Ìyá Siraju mọ̀ ọ́n. Mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun!"

Ganiyat wò ó. Kò rò ó rí pé ẹnikẹ́ni lè jowú òun. Kò lè parọ́ fún ara rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn díẹ̀.

"Dìde," ni ó wí. "Wá wo nǹkan."

Ó mú un wọ pálọ̀ tirẹ̀, ó fa àga onítìmùtìmù kúrò ní kọ̀rọ̀, ó fi ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin orí kápẹ́ẹ̀tì hàn án, ó sì sọ ìtàn rédíò fún un. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún un pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Ìkòyí lọ́jọ́ Àìkú.

Nurat wo ojú ẹsẹ̀ náà pẹ́. "Ó ní kí n ra oúnjẹ ẹja tó máa tó oṣù mẹ́fà," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Bọ́ bàtà yẹn," ni Ganiyat wí. "Lọ mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá."

Wọ́n gbọ́n omi náà dànù, wọ́n gbé àpótí padà sí àgbàlá. Nígbà tí Mùkáílà ti ìrun dé, ó bá àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ sókè, wọ́n ń fi iyọ̀ ha igun gíláàsì.

"Kí ló dé? Ṣebí ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"Kò mọ́ tó," ni Ganiyat wí.

Mùkáílà dúró wò wọ́n díẹ̀, ó wọlé. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ṣan àpótí náà. Wọ́n bu omi sí i kí ó wà bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́n ọn dànù, Ganiyat gbọ́ òórùn igun rẹ̀, ó ní kò tíì tó, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

"Ọsàn yìí ń ta mí lọ́wọ́," ni Nurat wí.

"Á máa ta ẹ́. Àwọn olùkọ́, ẹfun nìkan lẹ máa ń mú dání."

"Ẹ̀yin náà, ẹ kàn ń wá ibi tẹ́ ẹ máa gbà bú mi ni."

"Mo ti rí i. Ha igun ọ̀hún."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí Mùkáílà lọ kó ẹrù tí kò sì sùn sílé, wọ́n gbé e sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà láàárín pálọ̀ méjèèjì, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pọn omi dídùn kún un. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé náà gbẹ táútáú. Ganiyat mú ẹja kan ṣoṣo nínú básíà, ó fi í sínú bọ́ọ̀lù pẹ̀lú omi àpótí náà, ó gbé e pamọ́ sí ilé ìdáná. Ẹja náà ń jà lọ sókè sódò, ara rẹ̀ le.

Ọ̀gá Ìkòyí bá Mùkáílà dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọkùnrin abìkùn ńlá ni, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Mùkáílà kánjú mú un kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ pálọ̀ Nurat, ó sì jáde kíákíá.

"Àpótí dà?"

"Ó wà níwájú yín," ni Ganiyat wí.

Mùkáílà wo omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ nínú gíláàsì. "Ẹja dà? Kí ló dé tí ẹ kò dà wọ́n sí i?"

"Omi ń sinmi, Bàbá Siraju."

"Omi ń kí ni? Ẹ dà wọ́n sí i, kí ọ̀gá lè rí i. Kí ẹ sì jẹ́ ká gbé e wọnú pálọ̀."

"Bí omi bá ti ń sinmi, wọn kì í gbé e kiri. Kúùkù òyìnbó náà ló kọ́ mi. Bí a bá dà wọ́n sí i báyìí, lójú ọ̀gá ni wọn yóò kú sí."

"Títí di ìgbà wo ni yóò fi sinmi?"

Zinsu kò sọ iye ọjọ́. Ganiyat wo ilẹ̀. "Ogójì ọjọ́."

"Ogójì ọjọ́! Ṣé abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni omi ni? Nurat! Ìwọ tí o kàwé, ṣé òótọ́ ni?"

Nurat ti yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ya wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó wò ó bí olùkọ́ tí ó ń wá ibi tí wọ́n kà dé. Kò wo ojú Ganiyat.

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, Àlájì," ni ó dáhùn. "Ogójì, ó kéré tán."

Ọ̀gá Ìkòyí rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò lè dúró de omi. Ó bi Mùkáílà bóyá fìríìjì rere wà ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jáde. Kí Mùkáílà tó ré kọjá ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ìyáálé, ó wo ìyàwó, bí ẹni tí ó ka ọjà rẹ̀ tí kò pé, tí kò sì mọ èyí tí ó sọnù.

Nígbà tí ọkọ̀ ti lọ, Nurat ní, "Ṣé wọ́n lè wọlé báyìí?"

"Wọ́n lè wọlé."

Wọ́n gbé básíà náà, ọ̀kan mú ọwọ́ ọ̀tún, èkejì mú òsì, wọ́n rọra da àwọn ẹja sínú omi. Ganiyat lọ mú ìkẹjọ wá láti ilé ìdáná.

Nurat ni oúnjẹ kàn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, Mùkáílà ti padà dé, ó ti rí ẹja nínú omi, ó kàn mi orí, ó kọjá; ẹ̀rín rẹ̀ sì tún ti ń ti pálọ̀ Nurat jáde. Ó dun Ganiyat níbi tí ó ti máa ń dùn ún. Ó dìde, ó fa àga onítìmùtìmù jáde láti inú pálọ̀ rẹ̀, ó fi ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin náà sílẹ̀ ní gbangba, ó gbé àga náà síwájú ilé ẹja. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo ẹja mẹ́jọ tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú omi tí òun fọ ilé rẹ̀.